Kíkọ́ Ojú ní Wíwò: Àwòrán Ìlú Wa Lọ́wọ́ Ọmọdé àti Àgbà

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá tí a dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀)

 

Iṣẹ́ alukoro ni kíkéde. Láti ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ ti wà, ìkéde ìpàdé, ìkéde ìsìnkú, ìkéde ìkómọjáde àti ìkéde àǹkóò ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wa. Ẹ̀yin kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà wa lórí fóònù yín, ọwọ́ yín á ti máa wá àpò. Lónìí, ẹ fọkàn balẹ̀. A kò kéde àǹkóò kankan. Àwòrán yíyà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwòrán ilẹ̀, igi, odò, òrùlé àti ọ̀nà, irú èyí tí ènìyàn máa ń jókòó síta láti yà, àti bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé àti àgbà ní iṣẹ́ náà. A rí i pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú. Kí ló kan oníbáńkì nínú ọ̀dà? Ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀.

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. A kò tíì fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí a óò fi ṣèrántí ọdún mẹ́wàá yìí. Àwọn kan ní kí á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àwọn kan ní kí á ri iná oòrùn sójú pópó. Àwọn mìíràn ní kí á fi owó náà kún aṣọ Ojúde Ọba, kí ẹgbẹ́ wa lè yọ ju ti èṣí lọ. Ní àárín gbogbo èyí, kíláàsì àwòrán ọjọ́ Sátidé tí a fi dánwò fún oṣù mẹ́ta ti parí, owó rẹ̀ sì ti tán. Bí ìpàdé gbogbogbòò kò bá dìbò fún un, ó parí pátápátá nìyẹn. Ìdí tí a fi dìde nìyí.

Ohun tí a rí ní Sátidé kìn-ín-ní

Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wá ní Sátidé àkọ́kọ́, sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yá wa lò. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Tíṣà tí a gbà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábàá, pín bébà àti pẹ́ńsùlù fún wọn, ó ní, "Ẹ ya ìlú yín." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, a tẹ́ àwòrán mẹ́rìnlélógún sórí tábìlì. Ogún nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo. Òkè méjì ló wà níbẹ̀, tí orí wọn ṣe ṣóńṣó bí ìwo àgbò. Oòrùn ń yọ láàárín wọn. Odò kan ń wọ́ bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè. Ilé kan wà létí odò, òrùlé rẹ̀ ní ihò èéfín, èéfín sì ń rú jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, òkè ṣóńṣó wo ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ta ni nínú wa tó mọ ihò èéfín sórí òrùlé? Àpáta Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, òkè Ìdànrè wà lọ́nà Òǹdó, kò sì sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Inú ìwé àwòrán tó ti ìlú olótùútù wá ni òkè àti ihò èéfín yẹn ti jáde. Ẹnìkan dà á kọ lára ẹnìkan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa. Kí á má sì purọ́, òkè méjì yẹn kan náà ni àwa náà yà nígbà tí a wà ní kékeré, a sì gba máàkì lórí rẹ̀.

Kò sí ọmọ kan tó ya òrùlé páànù tó ti dógùn-ún. Kò sí èyí tó ya ilẹ̀ pupa tó ń kun ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó ya òpó iná tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú ọgbà náà gan-an, tí gbogbo wọn sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ya òdẹ̀. Ojú wọn ń rí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ojú náà láti wò ó. Rírí yàtọ̀ sí wíwò.

Ibí yìí ni iṣẹ́ báńkì ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìdí káńtà, ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa ni bí a ṣe ń wo ìfọwọ́sí. Ó ní ẹni tó bá ń ka orúkọ tó wà nínú ìfọwọ́sí, ayédèrú yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, nítorí ayédèrú náà mọ orúkọ kọ. Ẹni tó bá ń wo bí ìlà ṣe tẹ̀, ibi tí bírò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ibi tó ti gbé sókè, òun ni owó oníbàárà kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ya ilé oníhò èéfín ń ka orúkọ ilé ni. Kò tíì wo ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lànà fún wa

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Àìná Ọnàbólú sí ní ọdún 1882. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Kò rí ẹni tó kọ́ ọ ní àwòrán. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò, tó ń dà kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ó dé Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba jẹun, ó sì ń fi àkókò tó bá ṣẹ́kù yàwòrán. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí títí di òní bí wọ́n bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Nàìjíríà.

Ẹ rántí irú ayé tó ń gbé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè wo nǹkan kó sì yà á kó jọ ọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kò ka àwòrán yíyà sí ẹ̀kọ́. Ọnàbólú kò bá wọn jiyàn lẹ́nu lásán, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Èkó, ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St John's Wood.

Nígbà tó padà wálé, ó lè jókòó sílé kí ó máa ya àwòrán àwọn ọlọ́lá Èkó, kí ó sì máa gba owó rẹ̀. Ó ya wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, King's College, CMS Grammar School àti àwọn mìíràn, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ń tẹnu mọ́ jù lọ ni bí nǹkan ṣe ń kéré lójú bó bá ṣe ń jìnnà, tí ọ̀nà gbọọrọ ń fún pọ̀ títí yóò fi dà bí okùn. Perspective ni òyìnbó ń pè é. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Mister Perspective.

Nígbà tó rí i pé iṣẹ́ náà ju ti ẹnìkan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Ìyẹn ló gbé Kenneth Murray wá sí Nàìjíríà ní 1927. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò bára mu. Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní kí àwọn ọmọ kọ́ ọgbọ́n tí òyìnbó fi ń ya nǹkan kó jọ. Murray, òyìnbó, ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ ilé wọn, igi gbígbẹ́, ìkòkò mímọ, aṣọ híhun, kí wọ́n sì ya ayé tó yí wọn ká. Àwọn ọmọ tí Murray kọ́, tí Ben Enwonwu wà lára wọn, pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Àwa kò wá dá ẹjọ́ láàárín wọn. Lójú tiwa, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ni. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wò, èkejì ń sọ fún un pé ilé rẹ̀ yẹ ní wíwò.

Ọnàbólú kú ní 1963. A bi àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógún wa léèrè bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò sí ìkankan. A má ti bínú sí wọn. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, a bi ẹ̀yin náà. Ọwọ́ mẹ́ta ló gbé sókè, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ń pe ẹni tó ń ta omi ni.

Bí Tíṣà ṣe ń kọ́ wọn

Ní Sátidé kejì, Tíṣà kò fún wọn ní bébà. Ó gé páálí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dá ihò onígun mẹ́rin sí i láàárín bíi fèrèsé. Ó kó wọn jáde sẹ́nu géètì, ó ní kí wọ́n gbé páálí sójú, kí wọ́n wo ọ̀nà láti inú ihò náà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún wa. Nígbà tí fèrèsé kékeré yìí dí ìyókù ayé mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí. "Tíṣà, òpó yẹn tẹ̀!" "Tíṣà, òrùlé yẹn ní àwọ̀ mẹ́ta!" Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá dìde, mo ń rí orí ògiri yẹn. Bí mo bá jókòó, n kò rí i mọ́." Tíṣà ní kó tún un sọ kí gbogbo wọn gbọ́. Ó ní ibi tí ojú rẹ bá wà ni ìlà tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ máa ń wà: bí o bá gun òkè, ó bá ọ gòkè, bí o bá jókòó, ó bá ọ jókòó. Ohun tí Ọnàbólú fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ Èkó, ọmọ yìí fi ìdìde àti ìjókòó rí i fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ dé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní èdè wa, funfun, pupa àti dúdú ni ìyá àwọ̀. A máa ń pe igbó ní dúdú, a ń pe aṣọ aró ní dúdú, a sì ń pe òjò tó ṣú ní dúdú. Àwọn àgbà mọ̀ pé àwọn dúdú wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ara ẹyẹ láti fi sọ̀rọ̀ àwọ̀: agbe fún aró, àlùkò fún osùn, lékeléke fún ẹfun. Tíṣà kó ọ̀dà pupa, ti búlúù, ti yẹ́lò àti funfun nìkan sílẹ̀, kò kó ti ewé wá rárá. Ó ní kí wọ́n po ewé fúnra wọn. Wọ́n pò ó, wọ́n sì rí i pé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ yẹ́lò púpọ̀, pé ewé ọsàn ń fẹ́ búlúù, àti pé ewé máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú kì í ṣe àwọ̀ ewé rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ osùn.

Ó kọ́ wọn pé òjìji kì í dúdú bí èédú. Bí òjìji igi bá bọ́ sórí ilẹ̀ pupa wa, kí ẹ lọ wò ó dáadáa lọ́la, ó ń fà sí elésè àlùkò. Ó kọ́ wọn pé ohun tó bá jìnnà, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, a sì dà bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i. Ìgbà ọyẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí, Ọlọ́run ló bá wa ṣe é: igi tó wà nítòsí dúdú kedere, èyí tó tẹ̀ lé e jọ eérú, èyí tó jìnnà jù kò ju èéfín lọ. Ó sì kọ́ wọn láti yára, nítorí oòrùn kì í dúró de oníṣẹ́. Òjìji tí o rí ní aago mẹ́sàn-án kò sí níbẹ̀ mọ́ ní aago mọ́kànlá.

A kò ní fi wàhálà pamọ́. Òjò ba Sátidé méjì jẹ́, oòrùn tún bá wa ṣe èyí tó kù. Ọ̀dà tán kí oṣù kejì tó parí. Àwọn òbí mẹ́ta yọ ọmọ wọn kúrò, wọ́n ní kó lọ múra fún Common Entrance. Bàbá ọmọ kan, ààfáà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, tọ̀ wá wá, ó ní, "Ẹ̀yin ará báńkì, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ láti ya àwòrán. Ohun ẹlẹ́mìí ńkọ́?" A mú un lọ bá Tíṣà. Tíṣà kó iṣẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un: ilẹ̀, igi, òrùlé, ojú ọ̀run. Ààfáà wò wọ́n títí. Ó ní bó bá jẹ́ igi àti ilé ni, kò sí ìjà. Ọmọ rẹ̀ kò pa ọjọ́ kan jẹ láti ìgbà náà.

Àgbà náà ń kọ́

Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A kò gbèrò àgbà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Àgbà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Èyí náà kì í ṣe tuntun. Ní Òṣogbo, lẹ́yìn tí Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ ní 1962, Ulli Beier àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe kíláàsì ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wá kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Òṣèré àti onílù inú ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1964 Georgina Beier kọ́ wọn, ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú kó tó là á lọ́nà. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimọ̀h Buraimọ̀h, Muraina Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi àti Rufus Ògúndélé ti dìde. Ayé mọ̀ wọ́n. Ní 2005 UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ Òṣèré Ọnà fún Àlàáfíà. Ní Òṣogbo kan náà ni Ìyáàfin Nike Okundaye ti ń kọ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti àwòrán láìgba kọ́bọ̀. Kí á sì tó gbọ́ orúkọ òyìnbó kankan, àwọn obìnrin Yorùbá ti ń fi ẹfun, osùn àti aró kun ara ògiri ojúbọ. Àgbà ni wọ́n, ara wọn ni wọ́n ń kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ilé wa. Ọ̀kan nínú wa wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ní kí a má dárúkọ òun, a kò sì ní dá a. Ohun èlò ìkọ́lé ló ń tà. Àwọn tó bá a lọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè yàwòrán tó o. Ní ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ bá àwòrán nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó fa ìwé náà ya lójú rẹ̀, ó ní ọ̀lẹ ní í fi pẹ́ńsùlù ṣeré. Bàbá náà kò ṣe é níkà, bí wọ́n ṣe ń rò ó nígbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa kò ya ohunkóhun mọ́ fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n.

Ní Sátidé kẹta, ó gbé omi inú ọ̀rá wá fún àwọn ọmọ. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Tíṣà na búrọ́ọ̀ṣì kan sí i láìsọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Àwọn oníbàárà ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù." Ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò dìde títí agogo méjìlá fi lù.

Òpópónà iwájú ọgbà ló yà, bí àwọn ọmọ ṣe ń yà á. Ṣùgbọ́n ní ibi tí àyè òfìfo wà láàárín ilé méjì, níbi tí wọ́n ń ta pákó báyìí, ó ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí i, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè àti fèrèsé onípákó. Ọmọ kan ní, "Bàbá, ilé yẹn kò sí níbẹ̀." Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo tó ọ." Ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì wá wo bébà náà. Ó pariwo. Ó pe orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà, ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sọ èyí tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ jókòó yí i ká. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé ibi tí wọ́n ń ta pákó rí.

Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ohun tí a wò, tí a sì fi ń rántí, ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán. Fóònù wa lè ya ohun tó wà. Kò lè ya ilé tí wọ́n ti wó. Ilé ń wó ní ìlú yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Odò Yemọjí ṣì ń ṣàn. Erédò Súngbọ́, iyàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ wa ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160, ṣì wà nínú igbó. Ọmọ mélòó ló ti jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébà?

Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù kẹta, àgbà mọ́kànlá ló ń wá. Lára wọn ni aránṣọ méjì, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀ kan, ìyàwó méjì nínú àwọn ìyàwó wa, àti Alukoro yín. Ẹ má béèrè tiwa. Igi ọ̀pẹ tí a yà, Tíṣà ní agboòrùn ni.

Ìbéèrè tí ẹ ti ń bi wa

Ẹ bi wá pé ṣé àwòrán ṣeé jẹ ni. A óò fi òótọ́ dáhùn. Bóyá la fi rí ẹnìkan nínú mẹ́rìnlélógún tí yóò fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n birikìlà tí kò mọ̀ wò, ògiri rẹ̀ yóò tẹ̀. Aránṣọ tí kò mọ̀ wò, yóò ba gèlè ọlọ́gèlè jẹ́. Dókítà tí kò mọ̀ wò, ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Gbogbo iṣẹ́ ló ń lo ojú, a kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí wa tó ti yọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kúrò pátápátá nítorí olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń kọ́ ọ ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ bi wá nípa owó. Ibi tí ọwọ́ wa ti mọ́ nìyẹn. A jókòó, a ṣírò ọ̀dà, bébà, búrọ́ọ̀ṣì, páálí àti owó Tíṣà fún ọdún kan gbáko. Owó tí ẹgbẹ́ yìí ná lórí fìlà àti gèlè Ojúde Ọba èṣí nìkan tó o, yóò sì ṣẹ́ kù. A kò sọ pé kí á má dé fìlà. Ojúde Ọba ni ẹwà wa, ẹgbẹ́ tí kò bá yọ níbẹ̀ kò tíì yọ. Ohun tí a ń sọ ni pé fìlà èṣí, a kò lè dé e mọ́ lọ́dún yìí. Ojú tí a bá là, kì í tún padà dí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, ohun mẹ́rin ni a bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí kíláàsì náà máa lọ ní gbogbo Sátidé: àwọn ọmọdé láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, àwọn àgbà láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Èkejì, kí á kó wọn dé Yemọjí àti Erédò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yà á níbi tó wà. Ẹ̀kẹta, kí á máa pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, kí àwọn ọmọ wa tó wá láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà rí ìlú wọn lára ògiri. Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù: kí ẹ má fi owó nìkan ránṣẹ́. Ẹ wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó ń fi sùúrù wo òrùlé kan fún wákàtí méjì, a kò ní láti sọ fún un pé ilé rẹ̀ níye lórí.

Àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wà lára ògiri gbọ̀ngàn yìí, lápá òsì ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ló fi férémù sí i. Bí ẹ bá ń jáde lọ síbi oúnjẹ, ẹ dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí méjì nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọmọ kan náà ló ya méjèèjì. Èkíní ní òkè méjì àti ihò èéfín. Èkejì ní ilẹ̀ pupa, òrùlé tó dógùn-ún, àti òpó iná tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù mẹ́ta ló wà láàárín wọn.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A kò ní fi ara wa ṣe ìrántí. Ojú wa kò ní fọ́, ọwọ́ wa kò ní gbọ̀n, àwọn ọmọ wa yóò rí ilé wọn, wọn yóò sì mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe pàdé lónìí, ayọ̀ la ó máa bára wa ṣe.